Kọ́sítáàdì Tí Mo Fún Ní Gírédì Kìn-ín-ní ní Ẹdúnàbọ̀n

Agbo Ilé Èṣùbíyì,
Ìlárè, Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ayọ̀bámi ọmọ mi,

Àlàáfíà ni ìwé yìí yóò bá ọ o, mo ti gbàdúrà lé bírò yìí lórí kí n tó ṣí ìdérí rẹ̀. Ọlọ́run tó mú ọ dé Ìbàdàn kò ní jẹ́ kí o ṣìnà níbẹ̀. Iná kò ní jó ọ lọ́wọ́, fúláwà kò ní wọ́n ju agbára rẹ lọ, àwọn tó ń jẹ ọjà rẹ kò ní ṣàìsàn kí wọ́n tó sanwó, wọn kò sì ní ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó tán. Ilé wà dáadáa. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, abo ni gbogbo wọn. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò kò jò mọ́, nítorí òjò ti dá. Màmá rẹ kí ọ. Ó jókòó sẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ èyí, ó ní ẹ̀wà lòun ń ṣà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mú bírò, n kò tíì gbọ́ kí òkúta kan bọ́ sílẹ̀ láti inú àtẹ yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́ láti rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, nítorí láti ìgbà tí o ti wá sọ fún mi pé o ti fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀, pé búrẹ́dì lo fẹ́ máa ṣe tà, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wa ju ẹ kú ilé àti káàbọ̀ lọ. Mo sì sọ ọ́ ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, lójú màmá rẹ àti lójú Àjàgbé ọ̀rẹ́ mi ará Mọdákẹ́kẹ́, pé búrẹ́dì tí o bá ṣe kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà láyé. O mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ kí n tún padà wá kó o jẹ. Gbogbo búrẹ́dì tí o ń fi ránṣẹ́ láti ìgbà náà, màmá rẹ àti àwọn ará ilé ló ń jẹ ẹ́, èmi á jókòó ti ẹ̀kọ tútù mi, n ó máa wo ògiri. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ti yí ohùn padà. Títí di àárọ̀ òní, búrẹ́dì rẹ kò tíì kan ètè mi. Ohun tó kàn án jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá, òun ni mo sì fẹ́ rò fún ọ, kí o lè mọ bí mo ṣe borí.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ báǹkì yẹn dùn mí. Gbogbo Ìlárè ni mo ti sọ fún pé ọmọ mi obìnrin ló ń ṣọ́ owó ní Ìbàdàn. Bí mo bá rí ẹni tó mú owó tuntun dání lọ́jà, mo máa ń sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ ọmọ mi ti kàn án. Nígbà tí ẹ̀rọ ìpọwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀ tí kò pọwó, àwọn èèyàn wá bá mi nílé pé kí n bá àwọn bẹ̀ ọ́ kí o tú u sílẹ̀, mo sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé n ó bá ọ sọ ọ́. Ìgbà tí o wá dé tí o ní o ti fi kọ́kọ́rọ́ owó sílẹ̀, pé fúláwà lo fẹ́ máa pò, ojú tì mí débi pé ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbà jáde fún ìgbà pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ojú mi ló fa ìrìn àjò àná. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kí gèlè tí wọ́n sá sórí okùn pé ẹ káàárọ̀ mà, mo tún béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àjàgbé wá sọ pé Hakeem ọmọ òun fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí àwa méjèèjì bá a lọ, kí dókítà lè yẹ ojú mi wò. N kò tíì sọ pé mo gbà tí màmá rẹ ti lọ aṣọ mi, tó ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, tó ń bá mi wá fìlà kiri. Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn, nítorí màmá rẹ kì í lọ aṣọ fún ìrìn àjò tí kì í ṣe ti ìsìnkú.

Ọkọ̀ Hakeem dára, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tí a kò rí, tó ń júwe ọ̀nà fún un. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́ mà, kò dáhùn, ó kàn ní kí Hakeem yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní kí Hakeem má yà o, obìnrin tí kò lè dá àgbàlagbà lóhùn, ibo ló fẹ́ mú wa lọ? Àjàgbé ṣàlàyé fún mi pé inú fóònù ló wà, pé gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, kò gbọ́ Yorùbá. Àánú rẹ̀ wá ṣe mí, obìnrin tó jìnnà sí ilé rẹ̀ báyìí, láàárín àwọn ọkùnrin. Mo bi Hakeem bóyá ó ti jẹun láti àárọ̀. Hakeem ní obìnrin yẹn kì í jẹun, ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa àwa, òun mọ ibì kan ní Ẹdúnàbọ̀n. Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ báyìí ni Àjàgbé ní ebi ń pa òun gan-an, Àjàgbé tó jẹ iyán tán lójú mi kí a tó gbéra.

Ṣọ́ọ̀bù kan ni, létí títì. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ pupa ẹyin kùn ún, àpótí onígíláàsì ńlá kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tan iná sí, oúnjẹ sùn síbẹ̀ ní ìlà ní ìlà bí ọmọ tuntun ní ọsibítù. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, Dorcas lorúkọ rẹ̀, kúnlẹ̀ kí wa, orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ìdajì bí àwọn ìyókù ṣe ń ṣe. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti fún un ní máàkì ìwà. Àjàgbé kò wo àpótí rárá, ó kàn ní kí Dorcas gbé ti kọ́sítáàdì wá.

Mo ní kọ́sítáàdì wo? Kọ́sítáàdì tí èmi mọ̀ ni èyí tí màmá rẹ máa ń pò fún yín bí ara yín kò bá yá, tó máa ń wà nínú abọ́, tí ẹ ń fi ṣíbí mu, tí ìwọ máa ń sunkún pé ó gbóná jù. Wọ́n ní rárá, inú ìyẹ̀fun tí wọ́n yan ni wọ́n fi í sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un jẹ. Mo ní ta ló ń rọ omi sínú àpò? Mo bọ́ agbádá mi, mo gbé e fún Hakeem, mo tẹ́ áńkáṣíìfù sórí itan, mo tún ní kí Dorcas gbé abọ́ kan sí abẹ́ ọwọ́ mi, nítorí ó dá mi lójú pé yóò ṣàn. Dorcas gbé e dé nínú páálí kékeré kan. Mo rí i pé wọ́n kọ nǹkan sára páálí náà, àwòrán kan náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ojú mi ṣe rí láàárọ̀ àná, ó lè jẹ́ àwòrán ewúrẹ́.

O mọ ọ̀bẹ mi, èyí tó ti ń wà nínú àpò mi láti ìgbà tí mo ti jẹ́ gírédà kòkó. Wọ́n fẹ̀yìn mi tì, wọn kò fẹ̀yìn ọ̀bẹ tì. Bí kòkó bá wà nínú àpò, èèyàn kò lè mọ̀ ọ́n láti ìta, àfi kí gírédà bù díẹ̀, kí ó la hóró rẹ̀ sí méjì, kí ó wò bóyá ó ti bu, bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, bóyá wọ́n kánjú kó o kúrò nínú oòrùn, kí ó tó sọ gírédì rẹ̀. Bí gírédà bá ti sọ ọ́ tán, ó parí nìyẹn, ìjọba pàápàá kò ní bá a jiyàn. Báyìí ni mo ṣe mú ọ̀bẹ jáde níwájú àpótí onígíláàsì yẹn. Dorcas sún sẹ́yìn. Mo gbọ́ tó ń bi Àjàgbé ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ara bàbá yá. Àjàgbé ní kí ó fi mí sílẹ̀, pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe.

Mo là á sí méjì. Kò ṣàn. Mo dúró kí ó ṣàn, kò ṣàn. Kọ́sítáàdì náà jókòó sáàyè rẹ̀ bí onílé. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó wà ní ipele ní ipele bí Bíbélì tí òjò pa tí wọ́n wá sá sóòrùn, bí ọ̀bẹ ṣe ń kàn án ló ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé e sún mọ́ ojú, mo gbé e jìnnà sí ojú, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà kí n lè fi oòrùn wò ó, àwọn tó fẹ́ wọlé rajà sì ní láti dúró dè mí níta. Kò bu. Kòkòrò kò wọ̀ ọ́. Ibi tí iná ti kàn án, ó pọ́n dọ́gba láti etí dé etí, ẹni tó yan án kò kánjú, kò sì gbàgbé rẹ̀ sórí iná kí ó lọ máa tẹ fóònù. Mo gbọ́ òórùn mílíìkì, mo gbọ́ òórùn ẹyin, mo tún gbọ́ òórùn nǹkan dídùn kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì rí ẹ̀sùn kankan fi kàn án. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi í sẹ́nu.

Ayọ̀bámi, n ó sọ òtítọ́ fún ọ, nítorí gírédà ni mí. Ojú mi pa dé fúnra rẹ̀. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe adùn tí ń ta èèyàn léyín. Ó rọ̀ nínú, ó le níta, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn jà. Mo jẹ ìdajì kejì kí ó lè dá mi lójú. Mo ní kí Dorcas gbé òmíràn wá, nítorí òfin iṣẹ́ wa kò gbà kí a fi hóró kan ṣoṣo dájọ́ odidi àpò. Ìkejì rí bí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Àjàgbé kàn ń wò mí ni, kò jẹ nǹkan kan, ebi tó ní ó ń pa òun ti lọ.

Ìgbà náà ni Dorcas tún kúnlẹ̀, ó ní Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè sọ bí ó ṣe rí lẹ́nu yín sínú fóònù, kí Màdáàmù àwọn lè gbọ́, kí àwọn tó ń kọjá lọ́nà náà lè mọ̀. Ó ní àwọn oníbàárà máa ń fún àwọn ní ìràwọ̀, pé mélòó ni mo fẹ́ fún wọn nínú márùn-ún. Mo ní èmi kò ní ìràwọ̀, ẹni tó dá ìràwọ̀ ló lè fi ta èèyàn lọ́rẹ. Gírédì lèmi ní. Ó gbé fóònù náà sókè sí mi lójú, mo sì mọ̀ pé Màdáàmù wà nínú rẹ̀, bí obìnrin inú ọkọ̀ Hakeem, mo bá tún fìlà ṣe, mo kí i dáadáa. Mo ní ẹ ńlẹ́ níbẹ̀ Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́, ṣé àyè wà níbi tí ẹ wà, ṣé afẹ́fẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ yín. Mo dúró kí ó dáhùn. Nígbà tí kò dáhùn, mo rò pé ó ń tijú ni, mo bá ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ohun tí mo sọ nìyí, mo ń kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà fi iyọ̀ sí i: "Èmi Ọláwọlé Èṣùbíyì, gírédà kòkó tó ti fẹ̀yìn tì, mo la kọ́sítáàdì yìí, mo wò ó, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo jẹ ẹ́. Gírédì kìn-ín-ní ni. Ẹni tó ṣe é ní sùúrù. Ẹ bá mi kí bàbá tó bí i, ẹ sọ fún un pé làálàá rẹ̀ lórí ọmọ yẹn kò já sí asán."

Àjàgbé di àga mú. O mọ ìdí rẹ̀. Gírédì kìn-ín-ní kì í já bọ́ lẹ́nu mi. Òun fúnra rẹ̀ kó kòkó wá síwájú mi lọ́dún kan, ọ̀rẹ́ mi ni, èmi ni mo sì ṣe alága níbi ìgbéyàwó rẹ̀, gírédì kejì ni mo fún un, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò ọdún náà fi dá. Títí di òní ó ṣì ń sọ pé kòkó yẹn gbẹ. Mo wá fi àtàǹpàkò mi kan kọ́sítáàdì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí náà bí òǹtẹ̀, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé ohun tí gírédà bá ti tẹ òǹtẹ̀ lù, gírédà náà kò láṣẹ láti nù ún kúrò mọ́. Àjàgbé ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí Dorcas rí i dájú pé fóònù gbọ́ ọ, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí Màdáàmù.

N kò tíì nu ọwọ́ tán tí fóònù náà fi dún. Dorcas gbé e sí mi létí, ó ní Màdáàmù ni. Mo ní ẹ ńlẹ́ Màdáàmù. Ohùn kan sì sọ pé, "Bàámi, èmi ni. Ayọ̀bámi ni. Èmi ni mo ṣe é, sà."

Mo wo Àjàgbé, Àjàgbé ń wo àjà. Mo wo Hakeem, Hakeem ti ń gbé agbádá mi lọ sídìí ọkọ̀. Èmi rò pé Ìbàdàn ni ọjà rẹ ń parí sí, n kò mọ̀ pé ó ti dé Ẹdúnàbọ̀n, lẹ́nu ọ̀nà wa níbí. Mo sọ sínú fóònù pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé orí èjìká mi lo jókòó sí, mo tilẹ̀ gbọ́ bí o ṣe ń fa imú. Mo dá fóònù padà fún Dorcas, mo sì jáde. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ dá ọ lóhùn. Kọ́sítáàdì ló ṣì wà lẹ́nu mi.

A wọ ọkọ̀, obìnrin inú fóònù ń júwe ọ̀nà lọ. Inú ń bí mi, inú mi sì ń dùn, àwọn méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ gbà lálejò. Mo ti búra pé búrẹ́dì rẹ kò ní gba ọ̀fun mi kọjá. Mo sì ti tẹ òǹtẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí. Bí mo bá di ìbúra mú, mo ní láti nu òǹtẹ̀ kúrò. Bí mo bá sì nu òǹtẹ̀ kúrò, kí ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe? Mò ń rò ó bọ̀ títí a fi dé Ìpetumodù, ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Mo ní kí Hakeem páàkì. Mo bi Àjàgbé pé ohun tí mo jẹ yẹn, ṣé búrẹ́dì ni? Ó ní rárá, kọ́sítáàdì ni. Mo ní ṣé wọ́n máa ń gé e ní pẹlẹbẹ ní pẹlẹbẹ sínú ọ̀rá? Ó ní rárá. Mo ní ṣé èèyàn lè fi jẹ ẹ̀wà? Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní ó dára, Hakeem, máa wà á lọ. Ìbúra mi wà lódidi, òǹtẹ̀ mi wà lódidi, kò sí èyí tí mo sọ nù nínú méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n kò sì dákẹ́ títí a fi dé Aṣèjìrẹ́.

Níbẹ̀ ni Àjàgbé ti jẹ́wọ́. Ó ní òun àti màmá rẹ ti ń pète rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, pé Hakeem ló ń bá ọ kó ọjà wá sí Ẹdúnàbọ̀n, pé ohun tí àwọn fẹ́ ni kí n jẹ nǹkan rẹ láì mọ̀ kí n tó ráyè bínú. Wọ́n rò pé àwọn dẹkùn fún mi. Wọn kò mọ̀ pé orí àga ọlá ni wọ́n gbé mi lé, nítorí ta ló tún lè sọ pé mo ṣe ojúsàájú? Ká ní mo mọ̀ pé ọjà rẹ ni, gírédì kejì ni ìbá gbà.

Dókítà ojú yẹn, ọmọ dáadáa ni. Ó ní kí n ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, mo kà á, mo sì sọ fún un pé ẹni tó kọ ọ́ kò parí ọ̀rọ̀ kankan, kí wọ́n bá a wí. Ó gbé gíláàsì wọ̀ mí lójú. Ayọ̀bámi, àṣé ewé igi ṣì ń dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣé Àjàgbé ti darúgbó tó báyìí, mo sì sọ fún un. Nígbà tí a padà wọ ọkọ̀, páálí tí mo tẹ àtàǹpàkò mọ́, tí Hakeem kó mọ́ agbádá mi, wà lórí ìjókòó, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fi gíláàsì náà kà. Ìwọ ni ewúrẹ́ ọjọ́ náà. Ò ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ sì jọ ti ìyá mi. Lábẹ́ àwòrán rẹ, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: ÈṢÙBÍYÌ.

Mo kà á, mo tún un kà. N ó sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà kan wà tí mo wá sí báǹkì yẹn, mo fẹ́ yọ sí ọ lójijì. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ta ni mo wá rí, mo dárúkọ rẹ, mo sì fi ohùn ńlá dá a, ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo wo òkè ilé náà, orúkọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà sí Ifẹ̀, mo sì sọ fún àwọn ará Ìlárè pé o kí wọn. Ní Ẹdúnàbọ̀n báyìí, tí kì í ṣe ìlú wa, orúkọ bàbá mi ló wà nínú àpótí onígíláàsì, iná ń tàn sí i lára, àwọn èèyàn sì ń dúró níta kí wọ́n tó lè gbé e lọ sílé wọn. Inú mi dùn. Mò ń sọ ọ́ kí o lè mọ̀ ọ́n láti ẹnu mi, inú mi dùn gan-an.

N kò tíì bu omi bọ́jú láàárọ̀ yìí tí Hakeem fi dé. Ó ní o ti gbé ohùn mi jáde, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi ọkàn pupa síbẹ̀. Mo ní kí ó gba orúkọ bàbá olúkúlùkù wọn wá kí n lè dúpẹ́ bó ti yẹ. Ó ní wọ́n ti pọ̀ ju gbogbo Ìlárè lọ. Ó ní àwọn awakọ̀ ń dúró lọ́dọ̀ Dorcas, wọ́n ní kí ó fún àwọn ní ti Gírédà, ọjà sì ti tán kí oòrùn àná tó wọ̀. Ó wá ní ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti dùn jù. Nígbà iṣẹ́ tiwa, ẹni tí kò bá gba gírédì á fi ara rẹ̀ hàn, á gbé àpò náà wá, a ó jọ là á lójú ẹlẹ́rìí. Bá mi sọ fún onítọ̀hún pé mo wà ní Ìlárè, kí ó béèrè ilé Èṣùbíyì, kí ó mú ọ̀bẹ tirẹ̀ dání. Lẹ́yìn tí Hakeem lọ, mo gbé gíláàsì mi wọ̀, mo gba iwájú ilé jáde, mo rìn dé ìkóríta, mo padà, mo tún lọ. N kò ní ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Ó ku ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, màá fi ra okùn gíláàsì àti òkúta tí mo fi ń pọ́n ọ̀bẹ, nítorí ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ tún ti bẹ̀rẹ̀. Fi lé Hakeem lọ́wọ́, má fi gba inú fóònù wá. Owó ọdún tí o fi gba inú fóònù wọlé lọ́jọ́ sí, fóònù màmá rẹ bọ́ sínú kànga lẹ́yìn rẹ̀, ọkàn mi kò sì balẹ̀ pé ó ti ná an tán kí ó tó rì. Fi páálí kan ránṣẹ́ sí Àjàgbé náà. Lánàá, kí a tó délé, ó ní nígbà tí ọkàn mi ti rọ̀ báyìí, ṣé n kò lè tún gírédì kòkó òun gbé yẹ̀ wò. Mo rán an létí ohun tó ní kí n sọ lẹ́ẹ̀mejì sínú fóònù nípa òǹtẹ̀.

Ní ti búrẹ́dì, ìbúra ni ìbúra, n kò ní jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó. Bí orúkọ Èṣùbíyì bá máa wà lára búrẹ́dì káàkiri, ẹnìkan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún ìdílé, kò sì sí gírédà mìíràn nínú agbo ilé yìí. Gírédà kò lè yẹ nǹkan wò láì là á, bí ó bá sì là á, ó ní láti tọ́ ọ wò. Títọ́ wò kì í ṣe jíjẹ, bi Àjàgbé. Nítorí náà, bí o bá ń bọ̀ nílé, mú un dání fúnra rẹ, má fi rán ẹnikẹ́ni, kí o jókòó tì mí kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò lójú rẹ, bí o ṣe máa ń jókòó ti àtẹ kòkó mi nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń gba hóró tí mo bá là lọ́wọ́ mi láti gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó lè gbà wá ní odidi ọjọ́ kan. Sọ fún wọn níbi iṣẹ́ rẹ pé bàbá rẹ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run yóò fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ibi tí orúkọ rẹ kò tíì dé, yóò dé ibẹ̀, yóò sì bá ojú rere níbẹ̀. Ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò ṣorí kunkun sí ọ, yóò sì já sí rere.

Màmá rẹ ti dìde nídìí ẹ̀wà báyìí, ó dúró sí èjìká mi, ó ní kí ni mo tún ń kọ láti àárọ̀, pé ṣé n kò lè kàn pè ọ́ lórí fóònù ni. Mo sọ fún un pé láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, n kò jẹ oúnjẹ ẹnikẹ́ni rí kí ilẹ̀ mọ́ kí n má padà lọ dúpẹ́, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ ni tàbí ẹni tí a jọ ń bínú. Oúnjẹ tí mo jẹ lánàá, mo ti bi ara mi pé ilé ta ni mo ti jẹ ẹ́, mo sì mọ̀ pé ilé ọmọ mi ni.

Ayọ̀bámi, o ṣé ti àná.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláwọlé Èṣùbíyì,
Gírédà.